Táyé Nìkan Ni Wọ́n Ń Pè

Nínú ilé wa ní Manigri, orúkọ Táyé nìkan ni mo ń gbọ́.

"Táyé, sọ̀ kalẹ̀ lórí igi kajú!"

"Táyé, jókòó!"

Èmi Kẹ́hìndé rèé. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Òun wá ni gbogbo ilé ń gbọ́ tiẹ̀!

Ní kíláàsì, olùkọ́ gbé e wá síwájú. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

Lónìí, Ìyá fẹ́ gbé e lọ rí dókítà ọmọdé ní Bassila, torí kì í lè jókòó sójú kan. Òun nìkan! Mo bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà gbè mí: "A kì í ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì ká yọ èkejì sílẹ̀."

Bí Ìyá ṣe mú èmi náà dání nìyẹn.

Níwájú dókítà, Táyé ń gun àga. Ìyá ń rojọ́ Táyé, Táyé, Táyé. Mo yáa ń wo fáànù òkè bó ṣe ń yí.

Ìyá gbọ̀n mí léjìká. Dókítà ti tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń retí èsì.

"Ìyá ìbejì, èyí tó dákẹ́ yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ní wàhálà, dókítà. Jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó."

"Ara Táyé ni kì í dúró sójú kan. Tẹni yìí, ọkàn rẹ̀ ni. Ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Nílé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń pè é kó tó dáhùn?"

Ìyá wolẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

Èmi tí mo rò pé wọn kì í pè mí rárá.