Owó Ọbẹ̀ Òkété

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sẹ́nu ihò Òkété. Oúnjẹ gbówó lórí lọ́dún náà, ṣùgbọ́n Òkété kò fi kọ́bọ̀ kún owó ọbẹ̀. Bí àgbàdo bá kéré nínú abọ́, á ní Àyìnkẹ́ ìyàwó òun ń jí nínú owó. Àyìnkẹ́ á sì kọrin:

Òkété, ọjà ti yí padà,
*Jálańkátó.*
Owó èṣí kò ra àgbàdo òní,
*Jálańkátó.*

Nígbà tó yá, ó ní, "Baálé mi, ẹ bá mi ná ọjà tòní."

Òkété lọ. Owó náà kò ra ju ààbọ̀ kóńgò lọ. Ojú tì í láti gbé ààbọ̀ wálé, ló bá fi owó ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kún un.

Ó délé, ó ní, "Ṣé o rí i? Owó yẹn náà ni mo fi rà á."

Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹ mọ ọjà ná jù mí lọ. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa ná an láti òní lọ."

Òkété fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń yìn ín. Ọ̀nà ọjà ni mo fi í sílẹ̀ sí, tòun tigbá lórí.