Fídíò Tó Ṣáájú Obì Dé Kánò

Ẹ ka ìtàn yìí tán ná kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ yín. Ìlà méjì lẹ ó kà, ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù ẹbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ṣe sùúrù fún mi, nítorí títí di òní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

1.

Tájù ń tún fóònù ṣe ní Ṣàgámù. Ó tún ní ojú ìwé kan lórí Fésíbúùkù tó ń jẹ́ Ojú Rẹ́mọ, níbi tó ti ń gbé ìròyìn àdúgbò jáde. Ká sọ òótọ́, ó ń ṣe dáadáa. Nígbà tí wáyà iná já sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, fídíò rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n tètè wá tún un ṣe. Àwọn ènìyàn wá ń kí i lójú pópó, orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ìyá rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, ti ń ta obì gbànja fún ogójì ọdún. Kánò ló ń kó o lọ. Tí àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀ bá ti gbọ́ pé ọjà Wúlẹ̀mọ̀tù ni, ó ti tán, wọn kì í bi í ní ìbéèrè kankan. Orúkọ yẹn ni gbogbo ohun tí obìnrin yìí ní láyé.

2.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Tájù gba ẹ̀yìn ilé Àlájì Bẹ̀llò kọjá. Oníṣòwò obì ni Àlájì náà, ọ̀rẹ́ bàbá Tájù tó ti di olóògbé sì ni. Tájù yọjú wo inú ọgbà, ó rí òṣìṣẹ́ kan tó gbé ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn sí oko kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fín nǹkan sórí àwọn agbọ̀n obì.

Ó gbà pé oògùn kòkòrò ni. Ó yọ fóònù, ó yà á.

Ilẹ̀kùn Àlájì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tó dúró sí. Ó lè kàn án, kó dọ̀bálẹ̀, kó béèrè. Ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe máa bi àgbàlagbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ó tún ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má gbé e jáde ṣáájú òun. Nítorí ọ̀wọ̀ tó ní fún Àlájì, kò dárúkọ rẹ̀. Ó gé ojú òṣìṣẹ́ náà kúrò, ó gé géètì kúrò, ó wá fi ohùn ara rẹ̀ sí i: "Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fín sí obì ní Ṣàgámù. Májèlé la ń jẹ o, ẹ̀yin ènìyàn mi."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní òun kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

3.

Ẹ gbọ́ o. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni tírélà tó kó obì ìyá rẹ̀ gbéra. Ó dé Ògèrè, táyà bẹ́. Kí awakọ̀ tó pààrọ̀ táyà tán, fídíò Tájù ti wọ Kánò. Ẹnìkan ti fi èdè Haúsá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ti wò ó.

Mo jókòó, mo ronú sí i títí. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò mu epo, ó rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán. Ọlọ́run tóbi. Ẹ̀rù bà mí.

Tájù ní tirẹ̀ rí iye yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ra máltì fún ara rẹ̀.

4.

Ní Ọjọ́bọ̀, Fàrúkù, oníbàárà Wúlẹ̀mọ̀tù ní Kánò, pe ìyá náà. Tájù jókòó nítòsí, ó ń jẹ ẹ̀bà.

"Màmá, ẹ má bínú. A ò lè já ọjà yín."

"Fàrúkù, èmi ni o. Wúlẹ̀mọ̀tù ni."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n obì Ṣàgámù ni wọ́n wí. Wọn ò sọ pé ti ta ni. Tí mo bá já a, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ mi."

Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Ìyá tẹ̀ ẹ́, lábẹ́ èdè Haúsá tí wọ́n sọ lé e, ohùn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Tájù, ṣé ìwọ nìyí?"

Tájù ju òkèlè padà sínú àwo. "Màámi, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo wa lo dárúkọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

5.

Nígbà tó jẹ́wọ́ ibi tó ti yà á, ìyá fà á lọ sí ilé Àlájì Bẹ̀llò. Àlájì kò pariwo. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá, ó bu ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ife, ó mu ún.

"Omi ni," ó ní. "Apá ń dun òṣìṣẹ́ mi, kò lè máa fọwọ́ wọ́n omi sí obì mọ́ kó má baà gbẹ. Tuntun ni mo ra ẹ̀rọ yìí, oògùn ò kàn án rí." Ó wá wo Tájù. "Inú ilé yìí lo ti kọ́ Kùránì. Ṣé ilẹ̀kùn mi wá ṣòroó kàn fún ẹ ni?"

Tájù sunkún. Ó yọ fídíò àkọ́kọ́ kúrò, ó gbé òmíràn jáde níbi tí Àlájì ti ń mu omi náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àwọn tó wo ti òótọ́ yìí kò pé irinwó. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń lọ ní tirẹ̀, láti ìlú dé ìlú. Èmi ò mọ ohun tí mo fẹ́ pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Obì padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti jẹrà. Wúlẹ̀mọ̀tù tú agbọ̀n kan wò, ó bò ó padà. Kò kó obì lọ síbì kankan mọ́ láti ìgbà náà.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìpara fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣọ́ra fún obì o." Ìyá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ títí dé ìparí, ó gbé fóònù sílẹ̀. Tájù wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìròyìn jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Tí ó bá sì dá yín lójú pé ẹnìkan ṣe ibi, ẹ má fi orúkọ ìlú bo tirẹ̀, ẹ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn níbi tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń fi ránṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ lè pa fídíò rẹ́ lórí fóònù yín. Ẹ ò lè pa á rẹ́ lórí fóònù ìyá yín.