Àlejò Inú Fóònù Aránṣọ

Fóònù tuntun ń kó ẹrù fóònù àtijọ́ padà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, aránṣọ sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ṣọ́ oúnjẹ lórí iná.

Nọ́ńbà dé. Àwòrán dé.

Lẹ́yìn náà, fóònù ní àkáǹtì ìkànnì ayélujára mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ẹnìkan ti fi wọlé.

Kò ṣí irú rẹ̀ rí.

Ó figbe ta. "Màámi, olè ti wọnú fóònù mi."

Ìyá rẹ̀ ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù lórí ẹní. "Kí ló fẹ́ rí jí níbẹ̀?"

"Àwọn oníbàárà mi ni. Ó lè fi orúkọ mi lù wọ́n ní jìbìtì. Ìgbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ya wọlé, tí n kò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń júwe mi fún wọn. Mo máa pa á rẹ́ báyìí."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Dúró ná."

"Màámi, ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yá fóònù mi láti fi pe àbúrò yín, kí lẹ mọ̀ nípa àkáǹtì?"

"Ṣáà ṣí i wò kó o tó pa á rẹ́."

Ó ṣí i.

Gbogbo aṣọ tó ti rán ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn, àtàǹpàkò ẹnìkan sì bo igun àwòrán kọ̀ọ̀kan. Èèyàn rẹpẹtẹ ń béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Orúkọ àkáǹtì náà ni Ọmọ Mi Ló Rán An.

"Àbúrò mi kì í gbé fóònù rárá," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń wá abẹ́rẹ́ rẹ̀ kiri lórí ẹní.