Gíláàsì Ẹ̀yìn Jíìpù Leah

Ọdún tí epo mọ́tò wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́ ni Leah wa jíìpù ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Silas mẹkáníìkì ní Isikan, pé kó bá òun de ike afẹ́fẹ́ mọ́ òkè gíláàsì ẹ̀yìn.

Silas ti yọ àga ẹ̀yìn, ó ti tẹ́ fóòmù síbẹ̀ bí Leah ṣe ní kó ṣe. Ó nu etí òrùlé mọ́tò títí ó fi gbẹ, ó sì gbé ike dúdú gbọọrọ náà lé e, ó ń wò ó bóyá ó gún.

"Mà, ṣé ọ̀nà Oǹdó nìkan lẹ fẹ́ torí ẹ̀ de èyí?"

"Eruku máa ń yí padà lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn. Ike yìí á máa darí afẹ́fẹ́ sí i, eruku ò ní ríbi dúró. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí rí ọkọ mi kedere."

Silas rọra de síkúrù.

Lọ́jọ́ kejì, Akíntóyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ Leah, dé láti Oǹdó. Látìgbà tí ọkọ Leah ti wà ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀kan náà kò yà wò ó. Ó wá gbọ́ pé ibùsùn àbúrò òun níbẹ̀ ti ṣófo. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Leah, tó gbé fúláàsì ògì dání, tó ń lọ sílé Agnes àbúrò rẹ̀ ní Oda.

"Ìyàwó, aṣọ olódòdó lo wọ̀."

"Tí àsìkò dúdú bá tó, màá wọ̀ ọ́, sà."

"A ti gbẹ́ ilẹ̀. A ti bá ọlọ́kọ̀ òkú sọ̀rọ̀. Mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù wá, ti ẹbí ni."

Leah gbé fúláàsì náà sí ọwọ́ kejì.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ bi mí?"

"Kí ló tún kù?"

"Kò burú, sà. Ọkọ mi ò ní wọ ọkọ̀ òkú. Èmi fúnra mi ni màá fi jíìpù gbé e wálé ní Sátidé."

"Obìnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi, sà."

Leah fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, ọyẹ́ mú, eruku bo ewéko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pátá. Leah ń wo dígí iwájú rẹ̀ lóòrèkóòrè, ó sì rọra ń kọ orin ìsìn. Nígbà tó wọ agbo ilé wọn ní Oǹdó, àwọn obìnrin figbe ta lábẹ́ kánópì. Akíntóyè wà níwájú wọn nínú agbádá dúdú. Leah yí mọ́tò padà, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn, ó sì paná rẹ̀.

Akínbọ̀wálé, ọkọ Leah, fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí fóòmù, ó kan gíláàsì láti inú, ó sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ta ló kú nílé àwọn.