Fìlà Tí Sùrájù Fi Bo Ojú Ẹ̀rọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á tán ná. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ọ̀gá tí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé, ẹ kà á sí i létí, kódà bó bá máa bínú.

1.
Ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn, ni Sùrájù Àyàntúndé ti ń yọ́ irin. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń da wíìlì ẹ̀rọ ìlọta àti ti ẹ̀rọ gàrí. Ojú rẹ̀ nìkan ló fi ń wọn iná. Bí irin bá ti yọ́ nínú ìléru, àwọn òṣìṣẹ́ á kó fóònù wọn sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọn á dákẹ́, wọn á máa wo ẹnu ọ̀gá. Àfi bó bá sọ pé, "Ó ti tó," kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò irin. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, nítorí ojú yẹn kì í tàsé.

Ṣùgbọ́n ojú náà ń dàgbà, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti bí ọdún méjì ni nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyin ojú Sùrájù. Gbogbo iná, ìbáà ṣe ti mọ́tò, ìbáà ṣe ti ìléru, bákan náà ni wọ́n ń tàn yanran lójú rẹ̀. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún ọmọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ.

2.
Wíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn oníbàárà láti Ring Road ń dá ọjà padà. Bàdírátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa irin ní Pólì, wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ooru. Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru. Nọ́ńbà á hàn lójú ẹ̀rọ náà, á sì tún hàn lórí fóònù Bàdírátù níbikíbi tó bá wà. Láàárín oṣù méjì, wíìlì tó ń bàjẹ́ kò ju ẹyọ kan, ẹyọ méjì lọ. Èédú tó ń ṣòfò dín kù. Àwọn tó ti sá lọ padà wá.

Ṣé kò yẹ kí inú ọ̀gá dùn? Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan yin iṣẹ́ wọn, Babájídé tó jẹ́ igbákejì Sùrájù dá a lóhùn pé ẹ̀rọ Bàdírátù ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sùrájù gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì gún un lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú ẹ̀rọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Kò mọ̀ pé lábẹ́ fìlà yẹn náà, ẹ̀rọ ṣì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọmọ òun.

Sàídátù ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nílé. "Bàbá Bàdírá, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí ràn yín lọ́wọ́."

Ó ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

3.
Iṣẹ́ ata lílọ ni Sàídátù ń ṣe l'Ágbowó. Nígbà tí wíìlì ẹ̀rọ rẹ̀ gbó, Sùrájù ní òun fúnra òun ni yóò da tuntun fún un. Ìlọrin ni Bàdírátù wà lọ́jọ́ náà. Irin yọ́, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, Sùrájù ń wo iná tó ń tàn yanran. Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó gé ìpè náà. Ó tún gbọ̀n. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó sún un mọ́jú, ó sún un jìnnà, kò rí i kà. Bó bá sì ní kí Babájídé bá òun kà á, àṣírí ojú tú nìyẹn. Ó dá fóònù padà sápò.

"Ó ti tó," ló wí.

4.
Nírọ̀lẹ́, Bàdírátù tún pè é. "Bàbá, ṣé ẹ rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi? Irin yẹn ò gbóná tó. Ara rẹ̀ lè máa dán, kí inú rẹ̀ má sì so pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wíìlì Ìyá mi dà."

Ẹ wo àyè tí Ọlọ́run fún ọkùnrin yìí. Ohun tó bàjẹ́ ṣì ń bẹ nílẹ̀, iná ṣì wà, irin ṣì wà.

"A ti tún un dà," ni Sùrájù dáhùn.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n Bàdírátù gbà á gbọ́, kò sì tún yẹ nọ́ńbà wò mọ́. Wíìlì náà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e lọ s'Ágbowó, Sàídátù sì kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un.

5.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ibi tí ẹ̀rọ ti ń sáré, wíìlì fọ́ sí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àfọ́kù náà fò gbá Sàídátù ní àyà. Wọn kò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Ata tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé wá ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Bàdírátù ṣa àfọ́kù jọ, ó wo ibi tí irin ti já, ó rí i pé inú rẹ̀ kò so pọ̀. Ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ lórí ẹní ọ̀fọ̀ tó jókòó sí.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ti tún un dà."

Láti ọjọ́ náà, kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tú ká, iná ìléru sì kú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹbí mú Sùrájù lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì, ó ríran kedere. Ohun àkọ́kọ́ tó kà ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà: "Bàbá, ẹ má tíì dà á. Kò tíì gbóná tó. Ti Ìyá mi ni." Títí di òní, kò sí ọjọ́ tí kì í kà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ irin, ẹ̀rọ tuntun kò wá gba ipò lọ́wọ́ yín. Ohun tí ojú yín kò rí mọ́ ló wá bá yín rí. Bí ara bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ jáde. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí irin ṣì wà nílẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.