Ìbọ̀sẹ̀ Wòlíì

Ẹsẹ̀ bàbá mi ń jẹrà lójú mi nínú ilé àdúrà yìí, ní Òkìtìpupa.

Ó ti dúdú dé kókósẹ̀. Eṣinṣin ò kúrò níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti gba ilé kan.

Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ti dí, kí wọ́n tètè gé e kó tó pa á.

Wòlíì ní rárá.

"Ìyádùnní, bàbá rẹ tẹ nǹkan ni. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun ti ta ògo rẹ̀."

Màmá mi ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

Gbogbo wa la bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí ilẹ̀ mímọ́ ni. Wòlíì nìkan ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní áńgẹ́lì ló pa á láṣẹ.

Ó ń gbé àwo tùràrí yí bàbá mi ká. Ẹyin iná kan já bọ́ sí Wòlíì fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ ń jó. Èéfín ń rú. Wòlíì ṣì ń pariwo "Halelúyà!" Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Òórùn mìíràn gba ilé kan: òórùn rọ́bà.

Mo ká sùtánà rẹ̀ sókè, mo fa ìbọ̀sẹ̀ náà bọ́.

Rọ́bà ni ẹsẹ̀ náà. Irin ló so ó mọ́ orúnkún rẹ̀.

"Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ti gé tiyín?"