Àtúnṣe Wá Ọ̀nà Àbọ̀

Tíṣà ìṣirò ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Àtúnṣe ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó bà jẹ́ nílé rẹ̀ tí kì í fọwọ́ kàn, kò sì sí ohun tó fọwọ́ kàn tó padà sí bó ṣe wà. Fáànù tó tún ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí àjà. Aago ẹnu ọ̀nà tó tún ṣe kò dún mọ́. Bí àlejò bá ti tẹ̀ ẹ́, iná ilé ìdáná ni yóò kú. Èyí ti mọ́ ìyàwó rẹ̀ lára. Bí òkùnkùn bá ti bo ìkòkò, á nu ọwọ́ rẹ̀, á lọ ṣílẹ̀kùn.

Àwòrán ilé ni ìyàwó yìí máa ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tuntun fún ilé ìwòsàn kan, ọjọ́ Ajé ló sì gbọ́dọ̀ ṣí àwòrán náà níwájú àwọn dókítà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ohun èlò tó fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kìlọ̀ pé bó bá di ọjọ́ Ajé, òun ò ní ṣí mọ́ lórí ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà náà. Àfi kí wọ́n fi ètò tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìyàwó ní kí àwọn gbé e fún àbúrò òun obìnrin, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan. Àtúnṣe fajú ro. Kò bínú o, ṣùgbọ́n ó rí bí ẹni tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó.

"Ó dáa, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan bí ò bá tíì sí ọ̀nà àbọ̀. Tó bá dojú rú, ibo la máa gbà padà?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àtúnṣe lára. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó jókòó kàwé kó tó mú irinṣẹ́. Ó ra díìsìkì tí yóò da gbogbo inú kọ̀ǹpútà náà kọ sí, ó sì ra fláàṣì tí yóò fi jí ètò àtijọ́ dìde bí tuntun bá kọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná ilé ìdáná kú. Àbúrò ìyàwó ló dé, ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó fi ṣọ́ọ̀lù pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó sì gbàdúrà fún un lórí iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Àwọn obìnrin méjèèjì wá wọ yàrá lọ, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àlejò ń lọ, ọmọ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ìyá rẹ̀ sì di ṣọ́ọ̀lù mọ́ abẹ́ apá. Àtúnṣe fẹ́ bá a gbé e dé ẹnu géètì, ó ní kó má ṣèyọnu, kò wúwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àtúnṣe gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Ó ṣàkíyèsí pé ara ẹ̀rọ náà ń dán. Lẹ́tà A, tí ìka ìyàwó rẹ̀ ti tẹ̀ títí tí kò fi hàn mọ́, tún hàn kedere.

"Mo nù ún díẹ̀ ni," ìyàwó rẹ̀ wí.

Àtúnṣe yìn ín pé ó mọ nǹkan tọ́jú. Ó da gbogbo inú ẹ̀rọ náà kọ sí díìsìkì. Ó ṣí àwòrán náà láti inú díìsìkì wò: wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí pé, ó ku kí aboyún wọlé. Ó dán fláàṣì wò, ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi okùn bàtà so díìsìkì kọ́ ọrùn, kó má baà sọnù, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ètò tuntun ń wọlé dáadáa. Nígbà tó dé ìdajì, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Àtúnṣe tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Òógùn bò ó. Ó fi ohùn kékeré sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, tó ń dín ẹyin.

"Ṣebí ọ̀nà àbọ̀ wà," ìyàwó dáhùn, ó yí ẹyin padà. "Ṣé kí n fi ata sí tiyín?"

Inú Àtúnṣe dùn láàárín ìpọ́njú rẹ̀. Ìyàwó òun gba òun gbọ́ tó báyìí. Ó ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ó jókòó tì í títí oòrùn fi ń wọ̀. Ètò àtijọ́ jí. Àwọn àwòrán padà láti inú díìsìkì, ọ̀kan ò yingin. Ọkùnrin náà sunkún. Kò tíì sí ohun tó fọwọ́ kàn rí tó padà sí bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Ètò àtijọ́ ṣì ni ètò àtijọ́, ọjọ́ Ajé sì ń bọ̀.

"Mà á tún gbìyànjú lọ́la," ó wí. "Mi ò ní jẹ́ kójú tì ẹ́ níwájú àwọn dókítà yẹn."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ìyàwó dáhùn, ó sì fọwọ́ pa á lórí. "Ẹ sinmi ná."

Àtúnṣe sùn lọ lórí àga, díìsìkì láyà. Kò pẹ́ tí iná ilé ìdáná kú. Ìyàwó nu ọwọ́ rẹ̀, ó rọra yọ́ lọ ṣílẹ̀kùn.

Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó tú ṣọ́ọ̀lù lórí tábìlì, ó gbé kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà A rẹ̀ ti parẹ́ jáde, tí ètò tuntun ti ń tàn lójú rẹ̀, ó di ìbejì rẹ̀ tí wọ́n da àwòrán kọ sí lọ́jọ́ Ẹtì, tí Àtúnṣe ti ń làágùn lé lórí látàárọ̀, sínú ṣọ́ọ̀lù náà, kó lè dá a padà síbi iṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó wá a, ọmọ sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.